Wọ́n ní kí wọ́n má tún un ṣe o! Géèmù ọdún 1998 tí àléébù ẹ̀ di ẹwà lójú àwọn tó ń ta á

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2004, ìdí tẹlifíṣàn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jókòó sí lórílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ wò, fíìmù kọ́ sì ni. Géèmù orí kọ̀ǹpútà ni. Ọkùnrin méjì tí tọmọdé tàgbà mọ̀ níbẹ̀ ló fẹ́ wọ̀yá ìjà, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹta nínú wọn ni yóò lọ síbi àṣekágbá. Àwọn tó mọ fàájì í ṣe ti ránṣẹ́ sáwọn tó ń ta adìẹ díndín pé kí wọ́n gbé e wá sílé, nítorí wọ́n mọ̀ pé báwọn méjèèjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ kì í tètè tán. Ìtàn tí wọ́n ń pa kiri títí dòní ni pé kí adìẹ ọ̀hún tó dé, gbogbo ẹ̀ ti parí. Ẹnì kan ti na ẹnì kejì ní mẹ́ta sódo.

Ni ariwo bá sọ. Àwọn kan ní ìwà ojo ni, àwọn kan ní ọgbọ́n ni. Ẹni tó nà ni Lim Yo-hwan, tí wọ́n ń pè ní BoxeR nídìí géèmù. Ẹni tí wọ́n nà ni Hong Jin-ho, tóun ń jẹ́ YellOw. Orúkọ géèmù náà ni StarCraft. Ó ti lé lógún ọdún báyìí tíṣẹ̀lẹ̀ yìí ti wáyé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹni tó ti lé lógójì ọdún ní Kòríà, tí ẹ sì dárúkọ alẹ́ ọjọ́ náà fún un, ẹ ó rí i pé àwọn tó wòran ò tíì parí ìjà tiwọn.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju ti alẹ́ ọjọ́ kan lọ o. Ìbéèrè tí àwọn tó ń ta StarCraft ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá ni pé, bí nǹkan bá ní àléébù, tí èèyàn sì ti fi gbogbo ìgbà èwe ẹ̀ kọ́ bó ṣe máa bá àléébù náà gbé, ṣé ó yẹ kẹ́nì kan wá tún un ṣe lọ́jọ́ kan?

Ilé-iṣẹ́ Blizzard, tó wà nílùú Irvine, ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló gbé géèmù náà jáde lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 1998. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi àfikún kan tí wọ́n pè ní Brood War tì í lẹ́yìn. Ìtàn inú ẹ̀ kì í ṣe ti ilé ayé yìí, ojú sánmà lọ́hùn-ún ló ti ń ṣẹlẹ̀, láàárín ẹ̀yà mẹ́ta tí wọn ò lè rí ara wọn sójú. Terran ni àwọn èèyàn ẹlẹ́ran ara bíi tèmi-tìrẹ, ìbọn àti ọkọ̀ ogun ni wọ́n ń gbójú lé. Zerg ni àwọn abàmì ẹ̀dá tó ń pọ̀ bí eéṣú. Protoss ni àwọn tí ọgbọ́n àti agbára wọn pọ̀ jù, ṣùgbọ́n tí wọ́n wọ́n bí ojú. Ṣọ́jà Terran kan, àádọ́ta (50) ohun àlùmọ́ọ́nì ni wọ́n fi ń rà á. Iye yẹn kan náà, méjì lẹ máa rí rà lọ́dọ̀ Zerg. Ti Protoss, ọgọ́rùn-ún (100) ni ẹyọ kan. Ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jọra lápá ibì kankan, síbẹ̀ kò sí èyí tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun máa ń na àwọn tó kù nígbà gbogbo. Ohun tí gbogbo ẹni tó ń ta á fẹnu kò sí nìyẹn, àtẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ àtẹni tó ń bú u.

Kò dà bí ayò o, tí ẹnì kan á ta tán kí ẹnì kejì tó ta. Ẹni méjèèjì ló ń ta lẹ́ẹ̀kan náà, aago ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ṣe ń rán òṣìṣẹ́ lọ wa ohun àlùmọ́ọ́nì, bẹ́ẹ̀ lẹ ń kọ́ báráàkì, bẹ́ẹ̀ lẹ ń kó ṣọ́jà jọ, bẹ́ẹ̀ lẹ sì tún gbọ́dọ̀ rán amí lọ sílé ọ̀tá, torí òkùnkùn ló bo gbogbo ibi tí èèyàn yín kan ò bá sí. Bí ẹ bá sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ọ̀tá yín ti fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ṣáájú yín nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti ń di tàwọn alárìíwísí ni ti àléébù inú ẹ̀. Wọ́n pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Èkíní, méjìlá péré nínú àwọn ọmọ ogun yín lẹ lè pàṣẹ fún lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ní ọgọ́rùn-ún ṣọ́jà, àfi kí ẹ máa pín wọn ní méjìlá-méjìlá, kí ẹ máa dà wọ́n lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bí olùkọ́ tó ń kó àwọn ọmọ jẹ́léósinmi sọdá títì. Èkejì, òṣìṣẹ́ tuntun ò mọ iṣẹ́ ṣe fúnra ẹ̀. Bó bá ti jáde, á kàn dúró gbagidi bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì, àfi tí ẹ bá mú un lọ́wọ́ lọ sídìí iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ní báráàkì mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa lọ bá wọn, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ máa pàṣẹ kan náà.

Ti Dragoon ló tún pabanbarì. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan lọ́dọ̀ Protoss ni. Bí ìbọn ẹ̀ ṣe dáa tó, bẹ́ẹ̀ ni orí ẹ̀ ò pé tó. Ẹ ní kó gba ọ̀tún, á kọ́kọ́ yí po, á wo òsì, á lọ tẹ́nu mọ́ ògiri, á wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń ronú gbèsè. Ogun tí àwọn èèyàn ti fi ọ̀dọ̀ Dragoon pàdánù ò lóǹkà, yẹ̀yẹ́ tí wọ́n sì ti fi ṣe ò lóǹkà bákan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí irú èyí ti wá, ẹ padà sí ọdún 1996. Ọdún yẹn ni Blizzard kọ́kọ́ gbé StarCraft lọ síbi pàtẹ géèmù ńlá tí wọ́n ń pè ní E3, ẹ̀sín ni wọ́n sì fi ṣe é. Àwọn tó rí i ní Warcraft, géèmù àtijọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ni wọ́n kùn ní ọ̀dà tuntun, tí wọ́n wá gbé lọ sójú sánmà. Ojú tì wọ́n, wọ́n padà sílé lọ tú iṣẹ́ náà palẹ̀. Patrick Wyatt, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ ọ̀hún, ti ṣàlàyé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé àwòrán tuntun tí wọ́n fẹ́ lò ò bá ìpìlẹ̀ àtijọ́ mu, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ bí ọmọ ogun á ṣe mọ̀nà di wàhálà nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa ohun àlùmọ́ọ́nì wá ń dí ara wọn lọ́nà bíi mọ́tò ní Ọ́jọ́ta láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n wá dọ́gbọ́n kan sí i: wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó bá ti ń lọ sídìí ohun àlùmọ́ọ́nì, kó máa gba inú ẹlòmíràn kọjá bí iwin, kó má kọlu ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn fi lẹ̀ ẹ́ ni, kí iṣẹ́ lè parí.

Wọn ò mọ̀ pé ojú àwọn tó máa ta á mú ju tàwọn lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé bí ọ̀tá bá fi ọmọ ogun dí ojú ọ̀nà, tí èèyàn bá ní kí òṣìṣẹ́ ẹ̀ lọ wa ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà lẹ́yìn wọn, fìn-ín ló máa gba àárín wọn kọjá. Bí ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ṣe di ọ̀nà tí amí ń gbà wọlé nìyẹn.

Kò tán síbẹ̀ o. Zerg ní ẹ̀dá oníyẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mutalisk. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ Kòríà rí i pé bí èèyàn bá kó mọ́kànlá nínú wọn pọ̀, tó wá fi ẹ̀dá mìíràn tó ń falẹ̀, tó sì wà lọ́nà jíjìn, ṣe ìkejìlá, àwọn mọ́kànlá náà á ṣù mọ́ ara wọn bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Wọ́n á jọ wọlé, wọ́n á jọ jà, wọ́n á jọ sá. Ẹ ṣe bẹ́ ẹ rí i? Méjìlá tí àwọn kan ń bú yẹn náà ni wọ́n fi ṣe é. Bí kì í bá ṣe pé méjìlá ni òpin, kì bá tí sí mọ́kànlá pẹ̀lú ẹyọ kan.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbè sẹ́yìn géèmù yìí fi máa ń bínú bí wọ́n bá gbọ́ pé kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ní ibi tó ti nira yẹn gan-an ni ọ̀ta ti ń yàtọ̀ sí òpè. Gbogbo èèyàn ló lè ní èrò tó dáa lọ́kàn, ṣùgbọ́n ta ni ọwọ́ ẹ̀ lè bá èrò ọ̀hún sáré? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù lọ, àṣẹ tí wọ́n ń pa láàárín ìṣẹ́jú kan máa ń ju ọ̀ọ́dúnrún (300) lọ. Bí ẹ bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá èèyàn dari òṣìṣẹ́, kó máa bá a kó ọmọ ogun jọ, kí ló kù tó máa fi hàn pé ẹnì kan ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ṣẹ́, tí ẹnì kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá?

Àwọn tó ń bá wọn jiyàn náà ò dákẹ́. Wọ́n ní ogun làwọn fẹ́ jà, àwọn ò fẹ́ kọ́ṣẹ́ tẹ̀wétẹ̀wé. Wọ́n ní kí ló kan ọgbọ́n ogun nínú kéèyàn máa mú òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún? Ẹni tó ní ètò tó dáa jù ló yẹ kó borí, kì í ṣe ẹni tí ìka ẹ̀ yá jù. Wọ́n tún máa ń nawọ́ sí Lee Young-ho, tí wọ́n ń pè ní Flash, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò tíì sí irú ẹ̀ nídìí géèmù yìí. Lọ́dún 2011, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un ní apá. Wọ́n ní ṣé apá ọmọ èèyàn ló yẹ kó san gbèsè ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe fúnra ẹ̀?

Àwọn kan sì tún wà tí gbogbo àríyànjiyàn yìí ò kàn. Àwọn wọ̀nyí ò bá ẹnikẹ́ni figagbága. Ìtàn inú ẹ̀ ni wọ́n bá wá, ìtàn Jim Raynor àti Sarah Kerrigan, obìnrin ajagun tí ọ̀gá ẹ̀, Mengsk, fi sílẹ̀ fún Zerg láàárín ogun, tó sì wá di ọ̀kan lára àwọn Zerg náà. Lójú tiwọn, ọ̀dàlẹ̀ tí Mengsk ṣe yẹn ló mú kí géèmù náà dùn, bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́, kó dúró gbagidi di àfẹ̀mọ́jú. Irú ìfẹ́ yìí náà ló mú kí Daniel Barry, ọ̀kan nínú àwọn tó ń lọ sójú sánmà fún Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀dà StarCraft kan dání nígbà tó ń rìnrìn àjò lọ lọ́dún 1999. Géèmù tó ń sọ̀rọ̀ ojú sánmà dé ojú sánmà lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n Kòríà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti di ńlá, ìdí sì wà fún un. Ní ìparí ọdún 1997, owó ilẹ̀ wọn dojú dé, ìjọba wọn lọ yáwó lọ́wọ́ àjọ IMF. Ẹni tó gbé Nàìjíríà láyé SAP ò nílò kẹ́nikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún un. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn kan nínú wọn sì fi owó tó kù lọ́wọ́ wọn ṣí ohun tí wọ́n ń pè ní PC bang. Yàrá ni “bang” túmọ̀ sí lédè wọn. Kọ̀ǹpútà ló kún inú ẹ̀, ẹ sanwó wákàtí tí ẹ bá fẹ́, ẹ jókòó. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé àtàwọn tí ò ríṣẹ́ ṣe ń rọ́ lọ, torí owó táṣẹ́rẹ́ ni. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan bàjẹ́ yẹn ni StarCraft dé. Bó ṣe wọ gbogbo yàrá náà nìyẹn. Nígbà tó fi máa tó bí ọdún mẹ́wàá, ẹ̀dà tí wọ́n ti tà ní Kòríà nìkan ti ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ.

Lọ́dún 2000, tẹlifíṣàn OnGameNet bẹ̀rẹ̀, géèmù ni iṣẹ́ ẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá àjọ KeSPA sílẹ̀ láti máa bójú tó ìdíje. Ọmọ Kánádà kan, Guillaume Patry, gba ife OSL lọ́dún yẹn, òun sì ni àjèjì kan ṣoṣo tó gbà á rí. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ọmọ Kòríà ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá bíi SK Telecom, KT àti Samsung ń sanwó fún ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé pọ̀ nínú ilé kan, wọ́n ń fi wákàtí mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dánra wò lójúmọ́. BoxeR gba ife OSL lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún 2001, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ sì wá ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta (600,000) lọ. Lóṣù keje, ọdún 2004, tí wọ́n ṣe àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ létíkun Gwangalli, nílùú Busan, wọ́n ní èrò tó wá wòran tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún (100,000). Géèmù orí kọ̀ǹpútà o!

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni alẹ́ ọjọ́ tí adìẹ ò tètè dé. Kí ẹ lè mọ bó ṣe dun àwọn èèyàn tó, ẹ gbọ́ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì. BoxeR ló na YellOw níbi àṣekágbá OSL kan lọ́dún 2001, mẹ́ta sí méjì. Láti ìgbà náà ni ìfigagbága wọn ti gba orúkọ, wọ́n ń pè é ní Imjinrok. Wọ́n fi orúkọ àwọn méjèèjì ṣeré, wọ́n sì fi rántí ogun Imjin tí àwọn ará Jàpáánù gbé ja Kòríà lọ́dún 1592. Irú ẹni tí wọ́n jẹ́ síra wọn nìyẹn. Ogun gidi ni gbogbo ìlú jókòó dè.

Ohun tí BoxeR wá ṣe rèé. Kàkà kó jókòó sílé kó ọmọ ogun jọ, ó tètè kó òṣìṣẹ́ àti ìwọ̀nba ṣọ́jà lọ sẹ́nu ọ̀nà YellOw, wọ́n sì kọ́ bọ́ńkà síbẹ̀. Bọ́ńkà kan gba ṣọ́jà mẹ́rin, wọ́n á wà nínú ẹ̀, wọ́n á máa yìnbọn. YellOw, tó jẹ́ pé Zerg ló ń lò, ti náwó sí ilé kejì kó lè lówó lọ́wọ́ tó bá yá, kò sì tíì ní ọmọ ogun tó pọ̀. Wọ́n fọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, bọ́ńkà tún ni. Àwọn tó ń wòran ní á ti kọ́gbọ́n, kò lè jẹ́ pé á tún ṣe é. Ìgbà kẹta, bọ́ńkà náà ni o! Bí ẹ bá ro ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò tó ìdajì wákàtí.

Àwọn tínú bí sọ pé olè ló jà wọ́n. Wọ́n ní ọba nídìí géèmù ò gbọdọ̀ jà bí ọmọ ìta, pé ẹni tí gbogbo ìlú tìtorí ẹ̀ jókòó yẹ kó ro ti ìlú náà. Wọ́n ní irú ẹ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́. Àwọn tó gbè sẹ́yìn BoxeR ní kò sí òfin tó rú. Wọ́n ní iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni kó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kìn-ín-ní ló gbá a wọlé, ṣé kó wá bẹ àwọn òǹwòran ni? Pé ẹni tí wọ́n fi ọgbọ́n kan nà lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé káàánú, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ọgbọ́n kan náà nà lẹ́ẹ̀mẹta, kó bi ara ẹ̀ léèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní kí wọ́n fòfin de bọ́ńkà ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n bá rí Mutalisk mọ́kànlá tó ṣù mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ bọ́ńkà ò kúkú jẹ́ àléébù, wọ́n ṣe é sínú géèmù ni. Mutalisk tó ń ṣù mọ́ra gan-an lẹni tó ṣe géèmù ò pète ẹ̀. Ohun tó bá dùn lójú wa la máa ń pè ní ọgbọ́n, èyí tó bá dùn wá la máa ń pè ní ìrẹ́jẹ. BoxeR pàápàá ò jẹ adùn ẹ̀ pẹ́. Níbi àṣekágbá, ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan náà, Choi Yeon-sung, ló nà án, mẹ́ta sí méjì, omi sì bọ́ lójú ẹ̀ níṣojú gbogbo ìlú.

Ọdún 2010 ni ọ̀ràn kíkan wá dé. Lóṣù keje ọdún náà, Blizzard gbé StarCraft II jáde. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń ráhùn lé lórí ni wọ́n tún ṣe. Ẹ lè pàṣẹ fún gbogbo ọmọ ogun yín lẹ́ẹ̀kan. Òṣìṣẹ́ á mọ̀nà lọ síbi iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń tẹ́nu mọ́ ògiri mọ́. Àwọn tó ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ dunnú, ọ̀pọ̀ èèyàn tuntun sì rọ́ wọ inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ń mi orí. Wọ́n ní nítorí pé ó rọrùn láti kó gbogbo ọmọ ogun lọ lẹ́ẹ̀kan, òkìtì ogun kan á kọlu òkìtì kejì, ìjà tí wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú múra ẹ̀ á sì tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Wọ́n ní ọbẹ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọbẹ̀ ìyá àwọn.

Ọdún yẹn kan náà ni àṣírí burúkú kan tú nílé. Wọ́n ká àwọn kan mọ́ pé wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́ láti mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi. Ẹni mọ́kànlá ni KeSPA lé dànù títí ayé, ẹni tó ti gba ife rí wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù. Bí ẹ bá bi àwọn olólùfẹ́ géèmù náà léèrè ohun tó dùn wọ́n jù nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi wò ó, bọ́ńkà kọ́ ni wọ́n á dárúkọ. Èyí ni. Ìdí sì wà fún un. Wọ́n fara da méjìlá, wọ́n fara da Dragoon, wọ́n fara da òṣìṣẹ́ tó ń dúró gbagidi, nítorí wọ́n gbà pé ìnira yẹn ò ṣeé fẹ̀tàn ṣe. Ọwọ́ tó yá á yá, èyí tí kò yá á hàn. Bí wọ́n ṣe wá gbọ́ pé ọwọ́ tó yá lè ṣe bí ẹni pé òun ò yá nítorí owó, ó dà bí ìgbà tí ọ̀tá wọlé láti inú yàrá. Ẹni tó kọ́ bọ́ńkà lẹ́ẹ̀mẹta fẹ́ borí. Ó kéré tán, òótọ́ ni ohun tí wọ́n rí lójú ẹ̀rọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, ọdún 2012, wọ́n ta àṣekágbá OSL tó kẹ́yìn fún géèmù àtijọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ kó lọ sórí StarCraft II, àwọn kan fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ti parí. Kò parí. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ padà sílé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olólùfẹ́ wọn sì tẹ̀ lé wọn débẹ̀, ìdíje tuntun sì tún rú yọ.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ọdún 2017, Blizzard lọ sí Seoul, olú ìlú Kòríà, wọ́n kéde pé àwọn máa tún StarCraft àkọ́kọ́ gbé jáde. Àyà àwọn èèyàn já. Ṣé wọ́n fẹ́ tún un ṣe ni? Lóṣù kẹjọ ọdún náà tó dé, wọ́n rí i pé àwòrán ẹ̀ ti mọ́ gaara, ohùn inú ẹ̀ sì ti dára sí i. Ṣùgbọ́n méjìlá ṣì ni méjìlá. Òṣìṣẹ́ ṣì ń dúró gbagidi. Dragoon ṣì ń ronú gbèsè. Àwọn tó ṣe é mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń tún un ṣe, wọ́n ti ṣe é rí nínú èkejì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, torí àwọn tó ni ín gan-an, ìyẹn àwọn tó ń ta á, ò fẹ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kùn pé ọ̀dà lásán ni wọ́n kùn ún. Àwọn àgbà ní ẹ ṣeun, ọ̀dà yẹn náà la fẹ́.

Ti YellOw ńkọ́? Ní gbogbo ọdún tó fi ta á, kò gba ife OSL rí. Ipò kejì ló ń ṣe lemọ́lemọ́, débi pé nọ́ńbà 2 di orúkọ mìíràn fún un ní Kòríà. Bí àwọn èèyàn bá ń kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ kọ gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò bínú sí i, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2013, ó lọ síbi ètò tẹlifíṣàn kan tí wọ́n ń pè ní The Genius, níbi tí wọ́n ti ń fi ọgbọ́n orí figagbága, ó sì gbégbá orókè. Àléébù tirẹ̀ náà kúkú ni wọ́n fi fẹ́ràn ẹ̀.

Lọ́gbọ̀n ọjọ́, oṣù keje, ọdún 2017, ọjọ́ díẹ̀ kí StarCraft tuntun náà tó jáde, wọ́n ṣe ayẹyẹ ńlá létíkun Gwangalli tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ di ńlá. BoxeR jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, YellOw jókòó sídìí èkejì, èrò sì tún pé lé wọn lórí. Àwọn tó wà lọ́mọ iléèwé lọ́dún 2004 ti di bàbá àti ìyá ọmọ. Géèmù ò yàtọ̀, ẹ̀yà mẹ́ta náà ni, méjìlá náà ni. Bọ́ńkà kan sì ṣì gba ṣọ́jà mẹ́rin.